Ẹṣin tó ti sáré ìdíje rí: ohun tójú wa rí

Ẹlẹ́ṣin Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹni tó béèrè bóyá ẹṣin tó ti sáré ìdíje rí ṣeé kọ́ ní ìrìn pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ti Iska. Hausa ni Iska, afẹ́fẹ́ ló túmọ̀ sí. Orúkọ tó bá ti òkè Ọya bọ̀ nìyẹn, mi ò yí i padà. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí mo rà á. Kò gbégbá orókè mọ́ níbi tó ti ń sáré, olówó rẹ̀ ní kí n máa mú un lọ. Owó tí mo san kò tó owó ọ̀kadà tuntun, inú mi dùn bí ẹni rí owó he.

Ọjọ́ kẹta péré ni mo di í ní gàárì. Ṣé láti kékeré ni wọ́n ti ń gbé wa gun ẹṣin nígbà Iléyá, mo kúkú rò pé mo mọ̀ ọ́n gùn. Mo gorí àpótí, mo na ẹsẹ̀ kọjá ẹ̀yìn rẹ̀, kí n tó jókòó tán, ó ti ń lọ. (Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ẹni tó ń gun ẹṣin ìdíje kì í gorí àpótí. Ńṣe ni ẹnìkan máa ń di ojúgun rẹ̀ mú tí yóò gbé e sókè, ẹṣin ò sì ní dúró dè é.) A dé etí títì, ọkọ̀ akẹ́rù kan tẹ fèrè. Mo fa ìjánu. Iska sáré. Mo fà á sí i, ó tún ki eré mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ̀rù bà mí, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá a mú níkùn kí n má baà já bọ́, àfi bí ẹni da bẹntiróòlù síná. Àwọn aláta ń pariwo, "Ẹ yà o! Ẹ yà o!" Orí òkìtì yanrìn tí ẹnìkan fẹ́ fi mọlé ni mo bá ara mi. Wọ́n ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ pé yanrìn ni tèmi.

Màlámù àgbàlagbà kan ló bá mi mú un. Kò fa okùn rárá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dẹ okùn, ó ń wo ibòmíràn bí ẹni tí kò rí i. Ẹṣin sọ orí kalẹ̀. Ó wá wò mí, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kó sáré."

Ó ṣàlàyé fún mi. Ní pápá eré, ẹni tó wà lórí ẹṣin máa ń fa ìjánu le, ẹṣin á fi ẹnu tì í, á sì máa sáré lọ. Bí ìjánu bá ṣe le tó lẹ́nu rẹ̀ ló ṣe ń sáré sí i. Ti ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń sáré ìdíje lóṣòó ló wà lórí gàárì, irin tí wọ́n ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ga sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ìhà ẹṣin. Èmi wá gbá a mú níkùn!

Oṣù mẹ́ta ni a kò gùn ún. A dín ọkà bàbà kù, a fi koríko àti èèpo ẹ̀wà kún un. Dókítà ẹran sọ fún mi pé ẹṣin ìdíje tí wọ́n ń tì mọ́lé, tí wọ́n ń rọ ọkà fún, egbò sábà máa ń wà nínú ikùn wọn, òun ló ń mú kí òmíràn máa kanra nígbà tí a bá ń di gàárì. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn gígùn mú un yípo. Tó bá yí sí òsì, ó dùn ún wò. Tó bá di ọ̀tún, á le gan-an bí igi, torí ọ̀nà kan ṣoṣo ni pápá tirẹ̀ máa ń yí sí.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ yé e, mi ò lè gbàgbé. Mo jókòó wúwo, mo mí sísàlẹ̀, mo ká ìka mọ́ okùn bí ẹni fún omi lára kànìnkànìn, mo sì tú u lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró. Ó ń jẹ ìjánu lẹ́nu wọ́mú wọ́mú, itọ́ funfun hó sí i létí ẹnu, ẹ̀yìn rẹ̀ gbé mi sókè díẹ̀. Èyí táwọn Òyìnbó ń pè ní dressage, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀: kí ẹṣin kó ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọ abẹ́ ara rẹ̀, kó má fi ẹnu rọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ní àjọ kan fún irú iṣẹ́ yìí, Retraining of Racehorses. Àwa ní màlámù.

Ìyá Ẹlẹ́ṣin, Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun, bàbá. Ìlù ló ran tiwa lọ́wọ́ ní Ọ̀yọ́ níbí. Abo ni, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ọmọ àyàn kan ní kí n jẹ́ kí òun máa lu dùndún sí i nírọ̀lẹ́, jẹ́jẹ́, láìyí ọwọ́ padà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń bá ìlù lọ.

Àmọ́ mo pàdánù rẹ̀. Ìtòsí odò la ti ń dà á jẹko nígbà òjò, eṣinṣin tsetse bù ú jẹ. Ibà, abẹ́ ikùn wú, ó rù kan eegun. Àrùn tó ti ń bá ẹṣin fínra nílẹ̀ wa tipẹ́ ni. Òun ló fi jẹ́ pé Ọ̀yọ́ Ilé tó fi ẹṣin jagun, apá òkè ló ti ń rà wọ́n. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin náà wò, kí ẹ má sì dà á lọ sétí odò.

Ọmọ Tákìé

Èmi ò rí tèmi ṣe o. Iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ iwájú ti bàjẹ́ kí n tó rà á, mi ò fọwọ́ kàn án wò. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wọ́ ọ, tó bá gbóná ju ẹsẹ̀ kejì lọ, ẹ máa lọ sílé yín. Àwọn ọmọdé ló ń gùn ún yípo báyìí lọ́jọ́ Sunday. Bàbá mi wo eré ẹṣin l'Ékòó kí wọ́n tó sọ pápá yẹn di Tafawa Balewa Square. Mo bi wọ́n léèrè ohun táwọn ẹṣin náà dà, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́ṣin Sábó, báwo ló ṣe pẹ́ tó kí Iska tó gbà?

Ẹlẹ́ṣin Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, aburo. Tí mo bá sì fẹ́ gorí àpótí títí dòní, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró níwájú rẹ̀. Lánàá ó bá mi jẹ etí fìlà.