Sketch tí kò padé: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Púlì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá ni mo ń yà lórí AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ẹ̀rọ, láti àárọ̀. Mo fi ìlà ya ìlàjì rẹ̀ (sketch nìyẹn), mo fi àṣẹ REVOLVE yí i po, ó jáde, ó wuyì. Ìgbà tí mo fẹ́ fi SUBTRACT gbẹ́ ihò ọ̀pá ṣáàfù, ó kọ̀ jálẹ̀. Mo là á láàárín: inú ṣófo bí agolo! Surface (awọ òde lásán) ló ń jẹ́, kì í ṣe solid (èyí tí inú rẹ̀ kún). Sketch tó bá ṣí kì í di solid, wákàtí méjì ni mo fi wá ibi tó ti ṣí. Mo sún mọ́ igun kan, mo tún sún mọ́ ọn, àfi bí òwú tó já: orí ìlà méjì tí kò kanra. Àlàfo yẹn kò tó 0.02 mm. Ta ló ti kan rí?

Wẹ́dà Kékeré: Ta ni kò tíì kan?

Àdùkẹ́ Onírin: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ tó yí i po, ẹ kọ́kọ́ pe REGION, tó ń sọ ìlà tó padé di ojú kan. Tó bá fèsì pé "0 loops extracted" (kò rí ìlà kankan tó padé), ọgbà yẹn ṣí níbì kan, ewúrẹ́ á gba ibẹ̀ jáde. Ẹ wá lo PEDIT láti so ìlà pọ̀, ẹ mú Multiple, ẹ mú Join, ẹ fún un ní fuzz distance díẹ̀, ìyẹn bí àlàfo tó lè dí ṣe tóbi tó.

Bàbá Ìbejì: Fuzz distance kẹ̀! Mo fún un ní 0.5 lọ́jọ́ kan, ó fa igun ojú kíì mi (irin kékeré tó ń di púlì mọ́ ṣáàfù) wọlé, n ò sì mọ̀. Tọ́nà yí irin tán, kíì 8 mm kò wọ ibẹ̀. Èmi ni mo san owó irin.

Àdùkẹ́ Onírin: Bàbá, 0.5 ti pọ̀ jù. 0.05 lèmi ń fún un.

Bàbá Ìbejì: Ẹ tan Endpoint nínú osnap, tó ń fa ìlà mọ́ orí ìlà mìíràn, láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní nílò fuzz rárá. Ọmọ ìsinsìnyí, ojú lásán ni wọ́n fi ń fi ìlà kan ìlà.

Wẹ́dà Kékeré: Bàbá, kì í ṣe gbogbo wa o 😂

Ṣadé Plasma: Ìlà tó gun ara wọn ńkọ́? Oníbàárà kan fi àwòrán ododo ara géètì ránṣẹ́, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Iná plasma tó ń gé irin gba ojú kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu irin yọ́, gbogbo ododo wọ́. Láti ìgbà náà, n kì í gé nǹkan kan láìkọ́kọ́ pe OVERKILL, tó ń pa ìlà tó gun ara wọn rẹ́.

Tàdé: Ẹ jọ̀ọ́, AutoCAD LT ni mo ní. N ò rí EXTRUDE, tó ń fa ìlà di nǹkan tó ga, níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Onírin: LT kì í ṣe 3D, àbúrò mi. Má wá a mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Tàdé, gba FreeCAD, ètò ìyàwòrán mìíràn, ọ̀fẹ́ ni. Pad, tó dà bí EXTRUDE níbẹ̀, kì í gba sketch tó ṣí, ó máa sọ ọ́ sí ọ lójú. Validate sketch á tọ́ka ibi tí orí ìlà kò ti kanra. Tí gbogbo ìwọ̀n bá sì pé, sketch á di àwọ̀ ewé. Tí o bá ya róbótó sínú róbótó, ti inú á di ihò fúnra rẹ̀, kò sí wàhálà SUBTRACT.

Bàbá Ìbejì: FreeCAD yẹn náà! Mo yí ìwọ̀n kan ṣoṣo padà, gbogbo ihò tí mo ti lu ṣí lọ sójú mìíràn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ti àtijọ́ nìyẹn, bàbá. Ẹ̀dà 1.0 tó jáde ní oṣù kọkànlá 2024 ti tún púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe. Ẹ tún un gbìyànjú.

Bàbá Ìbejì: Màá wò ó. N ò tíì gbà o.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Mo ti dí i! N ò lo fuzz, mo fa orí ìlà kan ara wọn, REGION gbà á, ihò ṣáàfù wọlé geere. MASSPROP, tó ń sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó, fún mi ní 412,000 mm³. Alumi ni, mo fi 2.7 (gíráàmù fún cm³ kan) sọ ọ́ di ìwọ̀n, ó lé díẹ̀ ní kílò kan. Ẹni tó ń da alumi ládùúgbò wa máa ń bèèrè iye àlòkù tí a ó kó wá. Ẹ̀yin tó ti da púlì rí, kílò mélòó lẹ máa ń fi lé e nítorí èyí tí iná ń jẹ?