Ìdè kọ́, ìrọ̀mọ́ra ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú akitiyan o. Nínú ìwé ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá tí a jọ ń ṣe, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ báyìí fún ohun tó ń mú mólékù kan (ìyẹn àwọn átọ́ọ̀mù tó so pọ̀) dúró ti èkejì láìjẹ́ pé wọ́n jọ pín ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún kékeré inú átọ́ọ̀mù; “non-covalent interaction” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é: “ìdè aláìlágbára”, “ìsopọ̀ aláìjọpín” àti “ìfàmọ́ra”. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, n kò lè fọwọ́ sí ìkankan nínú wọn. “Ìrọ̀mọ́ra” ni èmi mú wá.

Kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Lọ́dún kan, mo ń ṣàlàyé omi fún wọn ní Yorùbá, mo sì pe ohun tó wà láàárín mólékù omi kan àti èkejì ní “ìdè háídírójìn”. Mo ní bí omi bá ń hó, ìdè yẹn ló ń já. Nígbà tí mo gba ìwé wọn, ọmọbìnrin kan tí orí rẹ̀ pé dáadáa kọ ọ́ síbẹ̀ pé oru tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò jẹ́ háídírójìn àti ọ́síjìn tó ti pínyà. Kò jẹ̀bi. Èmi ni mo fi orúkọ kan pe nǹkan méjì. Ìdè tó so háídírójìn mọ́ ọ́síjìn nínú mólékù omi, nǹkan bíi kílójúùlù (ìwọ̀n agbára) 460 ni a ó ná kí mólù kan rẹ̀, iye tí a fi ń ka irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀, tó já. Ti àárín mólékù sí mólékù kò ju bíi 20 lọ. Iná ìdáná wa ò lè já ti àkọ́kọ́. Omi ṣì ni oru náà, bó bá sì kan ọmọrí ìkòkò, ẹ̀kán omi ni yóò padà dà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé èyí tó ti inú àjọpín ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wá, bíi ti inú mólékù omi, nìkan ló yẹ kí á pè ní “ìdè”. Ohun tí a bá dè, okùn wà ńbẹ̀. Àfi kí á tú u tàbí kí á já a. Ṣùgbọ́n ọmọ tó rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn, ẹnikẹ́ni ò rán an mọ́ ọn. Ó dì í mú, ó lè fi í sílẹ̀, ó sì tún lè padà wá rọ̀ mọ́ ọn. Bí àwọn mólékù wọ̀nyí ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹ wo ẹ̀kọ. Ní ìgbà tí ògì bá jinná, tí a pọ́n ọn sínú ewé, tó sì tutù, àwọn ẹ̀wọ̀n sítáàṣì inú rẹ̀ á tún rọ̀ mọ́ ara wọn, ẹ̀kọ á dì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ rò ó, á padà di mímu. Sítáàṣì ò tíì yí padà di nǹkan mìíràn, ìrọ̀mọ́ra lásán ló tú. Ìgbà tó bá dé ẹnu ni itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìdè rẹ̀ gan-an, tí yóò sì máa di ṣúgà. Inú abọ́ ẹ̀kọ kan ṣoṣo ni a ti rí méjèèjì, èdè wa kò sì gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀.

“Aláìlágbára” ló dùn mí jù. Òótọ́ ni pé ẹyọ kan rẹ̀ kò le. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba oko kọjá mọ̀ pé èèmọ́ kan ṣoṣo lára ṣòkòtò, ìka méjì á yọ ọ́; bó bá bo ṣòkòtò látòkè délẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ti lọ síbẹ̀. Okùn méjì DNA, ohun tó gbé àbùdá wa nínú sẹ́ẹ̀lì, èròjà mẹ́rin tí a ń pè ní A, T, G àti C ló wà lára wọn: ìrọ̀mọ́ra méjì ló wà láàárín A àti T, mẹ́ta láàárín G àti C, ìyẹn náà ló ń pa ogún ìdílé wa mọ́. Nínú ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà DNA, bí ooru bá tó nǹkan bí 95 lórí ìwọ̀n Celsius, okùn méjèèjì á yà kúrò lára wọn láìjẹ́ pé ìdè tó gba inú okùn kọ̀ọ̀kan já. Ká ní ìdè ló wà láàárín wọn ni, báwo ni sẹ́ẹ̀lì ì bá ṣe máa ṣí i kà?

Ẹ sì rántí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nínú ẹ̀wọ̀n bẹ́tà ti prótéènì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ipò kẹfà ni valine ti gba àyè glutamic acid; méjèèjì wà lára àwọn èròjà tí a so pọ̀ di prótéènì. Bí ọ́síjìn bá ti kúrò lára rẹ̀, valine yẹn á wọ inú kòtò kékeré kan lára prótéènì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà á rọ̀ mọ́ òmíràn, títí wọn á fi di fọ́nrán gígùn tó ń fa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ya bíi dòjé. N kò lè dúró níwájú ìyá tó ń fi epo ra eegun ọmọ rẹ̀ lóru kí n pe èyí ní aláìlágbára.

“Aláìjọpín” kò gùn lọ́rọ̀. Ohun tí nǹkan kì í ṣe ni ó sọ. A kì í pe ewúrẹ́ ní ẹran tí kì í ṣe àgùntàn.

“Ìfàmọ́ra” súnmọ́ ọn, ẹni tó mú un wá ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ń sọ pé nǹkan kan ń fa èkejì, bí òòfà ṣe ń fa irin. Ẹ kán epo pupa sójú omi, ẹ ó rí i bí àwọn ẹ̀kán náà ṣe ń wá ara wọn tí wọ́n ń di ọ̀kan. Kì í ṣe epo ló ń fa epo ní pàtàkì. Àwọn mólékù omi ló rọ̀ mọ́ ara wọn tí wọn ò fẹ́ kí epo dá sí i. Nítorí èyí náà ni “akórìíra-omi” tí àwọn kan ń lò fún “hydrophobic” kò fi dára, nítorí epo kò kórìíra ẹnikẹ́ni. “Àìbómidàpọ̀” ni kí á pè é. “Ìrọ̀mọ́ra” kò sọ ẹni tó fa ẹnikẹ́ni; ohun tí a rí nìkan ló sọ.

Ti van der Waals, ìyẹn irú èyí tí kò le tó wà láàárín mólékù tó bá súnmọ́ra gan-an, ẹ jẹ́ kí orúkọ ọkùnrin ará Netherlands náà dúró: “ìrọ̀mọ́ra van der Waals”, èyí tí wọ́n fi hàn ní 2002 pé òun ló ń mú ẹsẹ̀ ọmọńlé lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ibì kan ṣì kù tí ọ̀rọ̀ mi kò bò. Àwọn mólékù kan ń ti ara wọn sẹ́yìn, ìyẹn náà sì wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti kọ “ìtira” sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò tíì yọ̀ lẹ́nu mi bí mo ṣe fẹ́. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó jọ̀wọ́ mú un wá kí á tó ti ìwé ọ̀rọ̀ náà.