Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ìmpídáǹsì bellows: ojútùú ti wà

Mo béèrè ìdí tí góńgó ìmpídáǹsì bellows, ìsopọ̀ onírin tó ń nà tó sì ń súnkì láàárín ọ̀pá tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, fi ń yí padà nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà mi. Ìmpídáǹsì ni ìwọ̀n bí bellows ṣe ń fèsì sí ìdìpọ̀ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá, ní fíríkúẹ́ńsì (iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kọ̀ọ̀kan; góńgó ni ibi tó ti ga. Ìmọ̀ràn pé kí n tẹ̀ lé ìgbì tí ìdìpọ̀ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fi sẹ́yìn títí yóò fi kú ló yanjú rẹ̀: bí mo bá tẹ̀ lé ìgbì náà fún mítà 10 péré, fíríkúẹ́ńsì méjì tó bá sún mọ́ra ju 30 MHz lọ kò ṣe é yà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ní mítà 100, ó di 3 MHz, góńgó náà sì dúró. Ṣíṣe ojú àwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi pín bellows sí wẹ́wẹ́ fún ìṣirò ní kíkéré ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Àwọn ìka bàbà tí ẹ ní kí n fi bo ìṣẹ́po bellows náà pa góńgó náà rẹ́. Àmọ́ bí ìka kan kò bá fara kan ọ̀pá dáadáa, góńgó mìíràn ń yọ, ìyẹn ni mo sì ń yẹ̀ wò báyìí. Ẹ ṣeun púpọ̀.