Ta ni Johnnie Cope tí wọ́n fi ń jí ṣọ́jà Scotland?

Ìyá Ìbejì Ọwọ́dé:
Ẹ kú ilé o. Mo ń wo fídíò àwọn ṣọ́jà Scotland lánàá, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, ẹnì kan gbé bagpipe, fèrè alápò yẹn, há abíyá, ó ń fọn ọ́n lọ láàárín bárékè, wọ́n ní Johnnie Cope lorúkọ orin náà, òun ni wọ́n fi ń jí wọn láàárọ̀. Ó wọ̀ mí lára gan-an, mo ti gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ta wá ni Johnnie Cope? Ṣé akọni wọn ni?

Ajílété Ògbómọ̀ṣọ́:
Akọni kẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ni mà. Ọ̀gágun ìjọba ni Sir John Cope. September 21, 1745, àwọn ọmọ ogun Charles Edward Stuart, ẹni tó fẹ́ gba adé padà fún bàbá ẹ̀, lọ ká a mọ́ Prestonpans nítòsí Edinburgh, wọ́n gba inú àbàtà lóru, ọmọ ibẹ̀ kan tó mọ̀nà ló ṣáájú wọn, bí ojúmọ́ ṣe ń là báyìí ni wọ́n yọ, kò tó ìdajì wákàtí tí ogun fi tú. Cope kó àwọn tó kù, ó di Berwick lọ́hùn-ún ní England. Àgbẹ̀ kan, Adam Skirving, ló wá fi ọ̀rọ̀ sórin, ó ń bi Cope pé ṣé ó ti jí, ṣé ìlù ẹ̀ ti ń dún. Ẹ ò rí i pé orin ìdájí ni lóòótọ́.

Ọmọ Àyàn, Ọ̀yọ́:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè. Láàfin níbí náà ìlù la fi ń jí Aláàfin, ṣùgbọ́n oríkì la fi ń jí ọba, àá máa ki àwọn baba ńlá ẹ̀. Tiwọn, èébú ni. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀gágun ọba ni wọ́n fi orin yẹn bú, ọmọ ogun ọba náà ló tún wá ń fọn ọ́n. Àmọ́ ó yé mi o, ṣọ́jà tó bá ń gbọ́ láràárọ̀ pé ogun ká ẹnì kan mọ́ kò ní sùn gbàgbéra.

Ajílété Ògbómọ̀ṣọ́:
Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn máa ń dùn mí ṣá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ẹ̀ ni ò rí ogun rí, àwọn tó yẹ kó máa yin àgbá ti sá, 1746 wọ́n jókòó wádìí ẹ̀, wọ́n ní kò jẹ̀bi. Ta ló mọ̀yẹn lónìí? Orin yẹn nìkan ni gbogbo ayé mọ̀.

Ìyá Ìbejì Ọwọ́dé:
Háà, ó mà ṣe o. Ọmọ Àyàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé ohùn orin yẹn sórí ìyáàlù kẹ́ ẹ ká a sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ẹ má fi bú u, ẹ kì í díẹ̀.