Báwo lẹ ṣe ń dúpẹ́ nílé nígbà tí nǹkan ò rọgbọ?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

A kì í fi àdúrà òwúrọ̀ ṣeré nílé wa, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ló gba gbogbo rẹ̀: owó ilé, owó ilé-ìwé, iṣẹ́ tí bàbá àwọn ọmọ ń wá. Ọpẹ́ ò ju gbólóhùn kan tí àwọn ọmọ ti há sórí lọ. Ó ń dùn mí, torí n kò fẹ́ kí wọ́n dàgbà pẹ̀lú èrò pé ọjọ́ tí a bá wọ aṣọ ẹbí jó lọ síwájú pẹpẹ nìkan là ń dúpẹ́.

Mo ka 1 Tẹsalóníkà 5:18 fún wọn, pé ká máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo. Àkọ́bí mi wá bi mí pé: "Mọ́mì, ṣé ká dúpẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Dádì ni?" Mo ṣí Hábákúkù 3:17-18 fún un, níbi tí wòlíì náà ti ní bí igi ọ̀pọ̀tọ́ ò tilẹ̀ tanná, òun á ṣì máa yọ̀ nínú Olúwa. Kò tíì yé e.

Mo ń rò ó pé kí kálukú máa dárúkọ oore kan pàtó lálẹ́, bó ti wù kó kéré: iná tó dé, aládùúgbò tó bu gàrí fún wa. Ṣé èyí náà ò ní di àkọ́sórí? Ọkọ mi ńkọ́? Báwo la ṣe lè máa dúpẹ́ lójú rẹ̀ tí kò fi ní dà bíi pé a fojú fo ìnira rẹ̀? Èyí ló ká mi lára jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú rẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe?