Ṣé strain glass (irin tí àwọn ìyípadà ìrísí kéékèèké inú rẹ̀ dì síbi tí wọ́n wà láìtò lẹ́sẹẹsẹ) ni àdàlù irin mi yìí?

Ẹ̀yin onímọ̀ irin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Títáníọ̀mù àti níkẹ́lì ni mo ń yẹ̀ wò, ìdá 51.5 nínú 100 átọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ níkẹ́lì. Bí mo ṣe ń mú un tutù, DSC (ẹ̀rọ tó ń wọn ooru tó ń wọ inú irin tàbí tó ń jáde) kò fi nǹkan kan hàn, X-ray náà ò rí ìyípadà nínú ìtò átọ́ọ̀mù rẹ̀. Àmọ́ nínú DMA (ìdánwò tó ń mi irin láti wọn líle rẹ̀), líle rẹ̀ lọ sílẹ̀ kó tó tún gòkè, bí mo bá sì mú kí mímì náà yá sí i, ibi tó ti kéré jù á sún sí ìgbóná tó ga sí i. Ó jọ ohun tí àwọn olùwádìí Sarkar, Ren àti Otsuka ròyìn nípa strain glass ní 2005 gan-an! Ìdánwò ZFC (mímú un tutù láìfà á) àti FC (mímú un tutù bí mo ṣe ń fà á) ló kù. Báwo ni màá ṣe mọ agbára tí mo lè fi fà á láìsọ ọ́ di martensite (ìtò átọ́ọ̀mù mìíràn tí irú irin yìí lè yí padà sí bí a bá fà á jù)? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.