Ṣéènì táímíìnì Corolla 2005: ojú aláwọ̀ ìyeyè ti kúrò lórí àmì, ṣé kí n tú u ni?

Oníbéèrè (Ìbàdàn):
Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 kan, ẹ́ńjìnnì 1ZZ, ni mo ń ṣe lọ́wọ́ fún ìyá kan tó jẹ́ oníbàárà mi. Bí wọ́n bá ṣíná rẹ̀ láàárọ̀, iwájú ẹ́ńjìnnì á máa ró gàràgàrà kí ó tó dákẹ́. Nígbà tí mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo rí i pé ṣéènì ti nà, apá tí tẹ́ńṣọ́nà (ohun tí kì í jẹ́ kí ṣéènì dẹ̀) ń tì sì ti jẹ. Mo ra tuntun. Mo gbé písítìnì kìíní sókè pátápátá, mo sì gbé ojú ṣéènì mẹ́ta tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ìyeyè lé àmì jíà kíráǹkì (ọ̀pá tí písítìnì ń yí) àti ti kámúṣáàfù méjèèjì (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù afẹ́fẹ́ àti ti èéfín). Gbogbo rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo fi sípánà yí kíráǹkì lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ojú aláwọ̀ ìyeyè kankan tó padà síbi tí mo fi í sí. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní mo ti fi eyín kan ṣìṣe, pé kí n tú u. N kò tíì ṣíná rẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà mí kí písítìnì má lọ kan fáàfù.

Bàbá Sípánà:
Àbúrò, má tíì tú nǹkan kan. Àwọ̀ ìyeyè yẹn kò wúlò ju ìgbà tí a bá ń gbé ṣéènì sórí jíà lọ. Bí kíráǹkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámúṣáàfù á yí lẹ́ẹ̀kan, àmì ara jíà á sì padà sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣéènì gùn ju ohun tí ìyípo méjì lè gbé yí ká lọ, nítorí náà ojú tí wọ́n kùn á ti rìn lọ síwájú, ìyípo tó pọ̀ ni yóò sì gbà kí gbogbo wọn tó tún bára wọn níbi àmì.

Ara jíà ni kí o wò. Mú ihò tó wà létí pọ́lì kíráǹkì wá sí àmì òdo (0) lára ìdérí, kí o wá fi rúlà irin lé ojú pẹrẹsẹ orí ẹ́ńjìnnì: àmì kámúṣáàfù méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síra wọn lórí ìlà kan náà. Lẹ́yìn náà, fọwọ́ kan fáàfù sílíńdà kìíní. Ó yẹ kí wọ́n dẹ̀ díẹ̀, kí ti kẹrin sì le. Bí ó bá jẹ́ òdì kejì, yí kíráǹkì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Obìnrin Onímọ́tò (Abẹ́òkúta):
Òótọ́ ni ọ̀gá sọ, ṣùgbọ́n má fojú lásán wò ó. Èmi náà ti fi eyín kan ṣìṣe rí. Ọkọ̀ ṣíná, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, iná ẹ́ńjìnnì tàn, kọ̀ǹpútà sì gbé P0016 jáde, èyí tó ń sọ pé kíráǹkì àti kámúṣáàfù kò bára mu. Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru sẹ́ńsọ̀; mo rà á, owó ṣòfò. Ohun tó fà á ni pé mo jẹ́ kí ṣéènì dẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí tẹ́ńṣọ́nà kò sí. Bí kíráǹkì ṣe fa ìdẹ̀ yẹn tán, kámúṣáàfù ti rẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ fà le ṣinṣin. Ẹ̀gbẹ́ tẹ́ńṣọ́nà nìkan ni ìdẹ̀ lè wà. Tún di jíà VVT-i (èyí tó ń yí àsìkò tí fáàfù afẹ́fẹ́ ń ṣí padà) mú, kí o fi ọwọ́ yí i wò: bí kò bá tíì há sí ipò rẹ̀, irọ́ ni àmì rẹ̀ ń pa.

Oníbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Rúlà ti tú àṣírí mi: àmì kámúṣáàfù ti afẹ́fẹ́ wà lórí ìlà, ṣùgbọ́n ti èéfín fi eyín jíà kan rẹlẹ̀. Ṣé kí n kàn yí kámúṣáàfù náà síbi tó yẹ?

Bàbá Sípánà:
Rárá o! Bí písítìnì bá wà lókè, fáàfù lè kàn án. Yọ tẹ́ńṣọ́nà àti ṣéènì, dá kíráǹkì padà sẹ́yìn ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, kí písítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní agbedeméjì. Ìgbà náà ni kí o tún kámúṣáàfù tò, kí o sì mú kíráǹkì padà wá jẹ́jẹ́. Bí o bá ń dá tẹ́ńṣọ́nà padà, fi ìkọ́ rẹ̀ há ọ̀pá inú rẹ̀. Tí o bá ti dè é tán, yí kíráǹkì sẹ́yìn díẹ̀ kí ìkọ́ lè já, kí o tó yí i síwájú. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí, ṣéènì á sì fò.

Oníbéèrè:
Ó ti tò. Mo fi ọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò kan nǹkan kan, àmì sì ń padà sí ìlà kan náà. Mo yọ plọ́ọ̀gì, mo fi kọ́kọ́rọ́ yí i títí ọ́ìlì fi dé òkè, kí n tó ṣíná. Ó ró díẹ̀, ó dákẹ́. Rúlà ilé-ìwé ọmọ mi ni mo lò, ọ́ìlì ti bà á jẹ́, ó sì ti ní kí n ra òmíràn.